Ọtí tí ẹnikẹ́ni kò mu ló ń gbówó lọ: ìdáhùn fún ìyá ìyàwó kan ní Ìbàdàn

Ìbéèrè tí ìyá kan fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn nìyí: "Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó nínú oṣù Kejìlá. Ìwé ìpè 300 la tẹ̀. Gbọ̀ngàn tí a gbà ní kò sí wàhálà, kí á máa gbé ohun mímu tiwa bọ̀. Àbúrò ọkọ mi ló kọ iye ọtí tí a máa rà sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, owó ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó oúnjẹ dọ́gba. Mo ní kí á dín in kù, wọ́n ní mo fẹ́ dójú ti ìdílé níwájú àwọn àna. Ṣé ọ̀nà wà tí mo lè gbà dín owó yìí kù tí òùngbẹ kò ní máa gbẹ àlejò, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní ti òde náà bọ̀ kó máa sọ̀rọ̀ wa láìdáa?"

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó o, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Àṣeyọrí la ó ṣe, ayé á sì yẹ ìyàwó. Bí mo ṣe ka ìbéèrè yín, nǹkan méjì ló ń bà yín lẹ́rù pọ̀: owó tó ń lọ, àti ìtìjú tó lè wọlé bí owó náà bá dínkù. Àbúrò ọkọ yín ti so méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Èrò tirẹ̀ ni pé bí ọtí bá ṣe ga tó ní yàrá ẹ̀yìn ni iyì ìdílé ṣe máa ga tó. Ṣùgbọ́n àlejò kì í dé yàrá ẹ̀yìn. Tábìlì iwájú rẹ̀ ló ń wò. Ohun tó ń bí àlejò nínú lóde ni kí tábìlì ẹ̀gbẹ́ kún fún ìgò kí tirẹ̀ gbẹ, tàbí kí wọ́n gbé mọ́ọ̀tì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún un, tàbí kó bèèrè omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹni tó ń pín in ṣáà máa sọ pé "mò ń bọ̀". Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ọtí ti pọ̀ rẹpẹtẹ.

Bí ẹ bá rìn láàárín àwọn tábìlì lẹ́yìn àríyá, kí àwọn tó ń gbálẹ̀ tó dé, ẹ ó rí ibi tí owó ń gbà lọ. Ẹ ó rí ọtí ẹlẹ́rìndòdò 50cl tí wọ́n mu dé ìdajì, bíà tó ti gbóná sínú ife, mọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣí tí ẹnikẹ́ni kò fẹnu kàn, omi tí wọ́n fi ṣan ọwọ́. Èyí tó ti bá báàgì lọ sílé kò sí níbẹ̀ mọ́ kí ẹ tó kà á, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn ọmọ tó ń pín ọtí tì sábẹ́ aṣọ tábìlì tí wọ́n sì tà fún ẹlòmíràn níta. Ohun tí àwọn ènìyàn mu gan-an kì í pọ̀ tó bí a ṣe ń rò. Ẹni tó ti jẹ ìpápánu, ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín àti ẹran kò ní àyè nínú ju nǹkan bíi lítà kan sí lítà kan àbọ̀ lọ láàárín wákàtí márùn-ún. Àwọn tó ń mu bíà nìkan ló ń kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọtí tó rẹlẹ̀ lówó. Iye ìgò tó ń ṣòfò ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò. Ìgò ni n ó fi ṣe é, n kò ní mú náírà wọ̀ ọ́, torí iye tí wọ́n ń ta ọtí kì í dúró sójú kan, oṣù Kejìlá ló sì burú jù. Ẹ má fi iye ìwé ìpè ṣe ìṣirò. Ìwé kan lè gbé tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta wá, òmíràn kò ní gbé ẹnikẹ́ni wá, mo-gbọ́-mo-yà kò sì gbàwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àga ni kí ẹ kà. Bí gbọ̀ngàn yín bá gba tábìlì 30, tí àga 10 yí tábìlì kọ̀ọ̀kan ká, ènìyàn 300 náà nìyẹn. Ẹ fi 20 kún un fún àwọn òṣìṣẹ́: onílù, díjè, ayàwòrán, awakọ̀, alásè àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í ka àwọn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń mu, wọ́n sì ń mu kí àlejò tó dé.

Fún omi, ìgò kan àbọ̀ oní 50cl fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó. Ní orí 320, ìgò 480 nìyẹn, páàkì 24 bí páàkì bá ní ìgò 20. Fún bíà, ẹ mú un pé mẹ́ta nínú àlejò mẹ́wàá ló ń mu ún, ìyẹn 90, kí ẹ fún wọn ní ìgò ńlá 60cl mẹ́ta-mẹ́ta. Ó di 270, kérétì 23 nítorí 12 ló wà nínú kérétì kan. Àwọn 230 yòókù, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, ìgò kékeré kan àbọ̀ ni tiwọn, mọ́ọ̀tì tàbí ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn tó ń mu bíà náà á fi ọ̀kan la ọ̀fun, ìdajì wọn ni kí ẹ kà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 390, kérétì 17 oní ìgò 24, kí mọ́ọ̀tì jẹ́ 9, kí ẹlẹ́rìndòdò jẹ́ 8. Wáìnì wà fún tábìlì iwájú àti àwọn ìyá àgbà. Ìgò 75cl ń bu ife márùn-ún bí ife bá gba 15cl, torí náà ìgò 24 á bu ife 120. Ẹ wá fi èyí wé ìwé àbúrò ọkọ yín. Bí òun bá ṣe bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, tó ní kí olúkúlùkù gba mọ́ọ̀tì kan, ẹlẹ́rìndòdò kan àti bíà kan, ìgò 900 nìyẹn fún ènìyàn 300. Tiwa, láìka omi àti wáìnì, jẹ́ 684 pẹ̀lú àfikún tó wà nínú kérétì: bíà 276, mọ́ọ̀tì àti ẹlẹ́rìndòdò 408. Ìgò 216 ti kúrò nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kò tíì fi nǹkankan du ẹnikẹ́ni. Ohun tó fà á ni pé ẹni tó ń mu bíà kì í mu mọ́ọ̀tì mọ́ ọn, ẹni tó sì gba mọ́ọ̀tì kì í bèèrè Fanta àyàfi kó fẹ́ gbé e relé.

Mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí mo fi ṣe ìṣirò bíà yìí ni ibi tí ìwé mi ti rọ̀ jù. Bí àwọn àlejò yín bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin tàbí ẹgbẹ́ àdínì, ó lè má tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Bí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó bá pọ̀, tàbí tí ẹgbẹ́ ọkùnrin kan bá ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, ó lè di márùn-ún. Ẹ gbé ìwé aṣọ ẹbí jókòó pẹ̀lú ẹnì kan láti ìdílé kejì, kí ẹ lọ lórí orúkọ ní tábìlì-tábìlì: "Àwọn wọ̀nyí ń kọ́?" Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni iṣẹ́ yìí ń gbà, òun ló sì ń dín owó kù ju dúnàádúrà pẹ̀lú ọlọ́tí lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n ìgò. Àwọn ènìyàn gbà pé ìgò ńlá ló ń dín owó. Lóòótọ́, bí ẹ bá pín owó rẹ̀ sí lítà, ìgò lítà kan àbọ̀ dínwó ju kékeré lọ. Ṣùgbọ́n lóde, bí wọ́n bá ti ṣí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń jáde, ó ń di omi ṣúgà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ bù ú mọ́. Ike 50cl náà pọ̀ ju ohun tí ẹni tó jókòó ti oúnjẹ ń mu tán lọ, ó sì ní ìdérí tó ṣe é pa dé, ìyẹn ni pé ó ti múra àtilọ sílé. Bí ẹ bá rí ìgò oní 35cl, òun ni kí ẹ rà. Fún àwọn ọ̀dọ́, ohun tó ń dín owó jù ni Chapman inú abọ́ ńlá. Fanta àti Sprite 12 oní 50cl jẹ́ lítà 6. Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ gé àti kùkúńbà sí i, ẹ kán bitters díẹ̀ sí i, ẹ da yìnyín sí i. Bí ẹ bá ń bu 20cl fún ènìyàn, ife 30 ni ẹ máa rí, níbi tí ìgò 12 kò bá ti tó ju ènìyàn 12 lọ. Ẹ má pò ó tẹ́lẹ̀ ṣá o. Ẹ máa pò ó ní abọ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń tán, torí yìnyín tó bá yọ́ sínú rẹ̀ á bà á jẹ́ láàárín wákàtí kan.

Ìgò onígíláàsì ńkọ́? Ó ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ nílò ìgò òfìfo àti kérétì láti fi pààrọ̀, tàbí kí ẹ fi owó ìdógò lé e, gbogbo èyí tó bá fọ́ tàbí tó bá sọnù ni wọ́n sì máa yọ nínú owó náà. Síbẹ̀, fún mọ́ọ̀tì àti bíà, mo fara mọ́ ọn ju agolo àti ike lọ, nítorí ó ṣòro kó sínú báàgì. Agolo tètè ń tutù, kò ní ìdógò, kò ń fọ́, ṣùgbọ́n ó bá àpò obìnrin mu bí ẹni pé wọ́n rán an fún un ni. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, kí ọ̀pínà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in, kó sì ṣí i kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun mímu tí wọ́n ti ṣí kì í lọ sílé. Bí àlejò bá sọ pé òun kò tíì fẹ́ mu ún, kó dá a padà sínú abọ́, á tún gbà á nígbà tó bá fẹ́. Àwọn kan lè fajúro díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín ṣe é, kò ní dìjà.

Ní ti rírà, ibi tí owó ti ń lọ lẹ́ẹ̀mejì ni kí ìdílé ìyàwó ra tiwọn, kí ìdílé ọkọ tún ra tiwọn, kí ìyá ìyàwó tún fi díẹ̀ pamọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Yàrá mẹ́ta, ẹni mẹ́ta tó ń mú kọ́kọ́rọ́ dání, olúkúlùkù sì ń fi àfikún sí i "nítorí àìmọ̀". Ẹ bá àwọn àna sọ ọ́ láti ìsinsìnyí kí ó di yàrá kan, ìwé kan, kí olúkúlùkù mú ìpín tirẹ̀ wá ní owó tàbí ní kérétì. Àwọn ẹbí tó ní àwọn á gbé ọtí wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kó dé ó pẹ́ jù ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ ìnáwó. Ohun tí kò bá tíì dé lọ́jọ́ náà, ẹ má kà á mọ́ èyí tí ẹ ní. Bó bá dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àǹfààní ni.

Onídípò tí ẹ bá fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó sọ̀rọ̀ iye owó: ṣé á gba èyí tí a kò ṣí padà? Ọ̀pọ̀ wọn ń gbà á bí ẹ bá jọ sọ ọ́ ṣáájú, tí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì, tí ó sì ní ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà. Àdéhùn yìí dára ju kí wọ́n dín owó díẹ̀ lórí kérétì lọ, torí òun ló ń jẹ́ kí ẹ ra ohun tó tó láìbẹ̀rù. Àmọ́ wọn kì í gba ohun tó ti wọ inú yìnyín: lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti bó, páálí rẹ̀ ti rọ̀. Ẹ tún wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC lára gbogbo rẹ̀, pàápàá wáìnì, torí ayédèrú ọtí kì í wọ́n lọ́jà nígbà ọdún. Àwọn kan á fi owó kékeré lọ̀ yín torí pé ọjọ́ rẹ̀ ti ń sún mọ́lé. Kò burú bí ìnáwó yín bá ṣáájú ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èyí tó bá ṣẹ́kù ti di tiyín.

Ríra á sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá kí ọdún tó gbówó lé e bọ́gbọ́n mu fún wáìnì àti mọ́ọ̀tì, bí ẹ bá ní yàrá tó tutù tí oòrùn kì í wọ̀. Bíà kò fẹ́ràn ooru, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń mú kó máa rùn, èyí tó wà nínú ìgò aláwọ̀ ewé tètè ń bàjẹ́ ju ti ìgò pupa dúdú lọ. Omi inú ike, ẹ má gbé e sí ibi tí ọṣẹ, kẹrosíìnì tàbí ọ̀dà wà, yóò fa òórùn wọn mọ́ra. Ẹ má sì gbé páálí lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìnyín ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ahun ṣe ara wọn léṣe. Ohun mímu tí kò tutù ni wọ́n ń gbé sílẹ̀ láìmu tán, tí wọ́n á sì bèèrè òmíràn ní ìrètí pé èyí á tutù jù ú lọ. Ẹni náà ti gba méjì, kò mu tó ọ̀kan. Kílò yìnyín kan lè mú nǹkan bíi lítà mẹ́ta tutù bí kò bá sí ohun tó ń jí ìtutù náà gbé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́, àgbá, oòrùn àti ọwọ́ tó ń ṣí kúlà ní gbogbo ìgbà ń jí i. Kílò kan sí lítà méjì ni kí ẹ fi ṣe é. Gbogbo ohun mímu tí a kà lókè tó lítà 550. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà o. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ kó sí i, ìyẹn bíi lítà 365, tó nílò yìnyín bíi kílò 180. Ìyókù á wà ní gbígbẹ nínú páálí, èyí ni onídípò máa gbà padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú. Ẹ da omi sí yìnyín náà: yìnyín nìkan fi àlàfo sáàárín ìgò, omi ló ń kan ìgò yíká tó ń fa ooru rẹ̀ jáde kíá. Ẹ má ju búlọ́ọ̀kì yìnyín ńlá lé orí ìgò, ẹ fọ́ ọ kí ẹ tó dà á.

Ọgbọ́n kan wà tó ń fi owó méjì pa pọ̀ di ọ̀kan: omi inú ọ̀rá, píọ̀wọ́tà. Àpò kan tó ní ọ̀rá 20 oní 50cl jẹ́ kílò mẹ́wàá. Bí ẹ bá pín àpò 12 sí fírísà àwọn ará ilé láti ọjọ́bọ̀, kílò 120 yìnyín ti wà nílẹ̀, nígbà tó bá sì yọ́, omi tútù 240 nìyẹn fún òṣìṣẹ́, awakọ̀ àti ọmọdé. Ẹ lè yọ páàkì omi ike bíi mẹ́rin nítorí rẹ̀. Níbi tí iná kò bá dúró, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pátápátá. Ẹ bá oníyìnyín kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Àkókò náà ń jẹ owó. Bí ìwé bá sọ pé agogo 12 tí ọkọ àti ìyàwó wọlé ní agogo mẹ́ta, àwọn tó tètè dé á ti mu ìpín wọn tán kí àríyá tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì gba òmíràn pẹ̀lú oúnjẹ. Títí ìyàwó á fi wọlé, omi àti ìpápánu ni kí ó máa lọ káàkiri. Bí oúnjẹ bá ti ń jáde, kí tábìlì kọ̀ọ̀kan gba omi 10, mọ́ọ̀tì àti ẹlẹ́rìndòdò 8, tó dọ́gba fún gbogbo wọn, ti àna àti ti àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ní tábìlì 30, mọ́ọ̀tì àti ẹlẹ́rìndòdò 240 nìyẹn nínú 408 tí ẹ rà. Bíà kì í ṣe ohun tí à ń tò sórí tábìlì. Wọ́n á bèèrè, wọ́n á gbé e wá, méjì-méjì fún ènìyàn mẹ́rin pẹ̀lú ife. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n to kérétì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, ẹ fún wọn ní iye kan lẹ́ẹ̀kan, kí olórí wọn gbà á, kó mọ̀ pé ìpín wọn nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó wà lẹ́nu yàrá ọtí, ẹni tí kò ní jó, tí ojú kì í tì láti sọ pé rárá. Ìbátan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "bùọ̀dá wa" kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, àbúrò ọkọ yín náà kò yẹ fún un, torí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni mẹ́wàá ló tó láti pín in, tábìlì mẹ́ta-mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, tábìlì rẹ̀, iye tó gbà àti ìgò òfìfo tó dá padà. Ẹni tí kò bá kó òfìfo wá kò gba tuntun, àyàfi ní ìgbà àkọ́kọ́. Òfin kékeré yìí nìkan ń dí ihò mẹ́ta: ọtí tó ń lọ sábẹ́ tábìlì, ìgò tó ń sọnù nínú owó ìdógò, àti ìgò tí wọ́n ń gba tuntun lé lórí láìtíì mu èyí tó wà nílẹ̀. Ní ìparí, òfìfo, èyí tó fọ́ àti èyí tí wọn kò ṣí, bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ó yẹ kí ó bá iye tí ẹ rà mu. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó sanwó fún àwọn tó pín in, kì í ṣe lẹ́yìn.

Ó ku àwọn ọ̀nà tí àwọn ènìyàn á máa gbà yín nímọ̀ràn. Kí ẹ yọ ọtí líle kúrò pátápátá ló ń dín owó jù, gbọ̀ngàn ilé ìjọsìn púpọ̀ kì í sì gbà á wọlé tẹ́lẹ̀. Ó ṣe é ṣe bí ìdílé méjèèjì bá fẹnu kò. Bí wọn kò bá fẹnu kò, àwọn àgbà kan á rán ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú òde ní agogo mẹ́rin, wọ́n á sì mú ìwé owó rẹ̀ wá fún yín ní iye tí ẹnikẹ́ni kì í ra bíà. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ gbé mọ́ọ̀tì àti ẹlẹ́rìndòdò lọ sí méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Sóbò dára, ó sì dínwó: kílò kan òdòdó iṣápá gbígbẹ ń fúnni ní nǹkan bíi 20 lítà, pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ẹ fọ òdòdó náà, ẹ sè é, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó rọ ọ́ sínú ike tuntun, torí ike á ká bí ó bá gbóná. Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ sè é, kó má kúrò nínú ìtutù. Bí ó bá ti ń yọ fóòmù tó ń kan, ẹ dà á nù, inú rírun ènìyàn 50 kì í ṣe ìfowópamọ́. Bí ẹ bá sì ra ike àti lébẹ́ẹ̀lì alárànbarà fún un, owó rẹ̀ á sún mọ́ ti ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ bù ú láti inú kúlà.

Ẹmu náà wà, pàápàá fún àwọn bàbá níbi ìdána. Kéègì 25 lítà ń bu bíi ife 80 oní 30cl. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kó dé, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ ń di ọtí láti wákàtí dé wákàtí, ó sì ń kan bó bá di ọjọ́ kejì. Ẹ má dé ìdérí rẹ̀ pinpin, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè ṣí i fúnra rẹ̀ sára aṣọ òkè ẹnì kan. Ọtí òyìnbó olówó ńlá, ẹ má fi sínú ìwé yín. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ tó bá fẹ́ ẹ á dá owó rẹ̀ láàárín ara wọn, kò sì sí ìdílé tí ó yẹ kó tijú nítorí ìyẹn. Àwọn tó ń gbé ibi ìpo-ọtí aláràbarà wá, tí wọ́n ń gba owó ní orí-orí, ẹ kà wọ́n mọ́ ọ̀dọ́ bíi 60 péré bí ẹ bá fẹ́ wọn rárá. Bí ẹ bá san án fún 300, àwọn ìyá àgbà kò ní dé ibẹ̀.

Gbọ̀ngàn tó ní kí ẹ máa gbé tiyín bọ̀ náà, ẹ padà lọ bi wọ́n bóyá owó kankan wà lórí kérétì tàbí ìgò tó bá wọlé, bóyá fírísà àti àgbá wà níbẹ̀, àti wákàtí tí wọ́n á jẹ́ kí ẹ wọlé láti to yìnyín. Àwọn kan kì í sọ ọ̀rọ̀ owó náà títí di àárọ̀ ọjọ́ ìnáwó. Bí wọ́n bá ní ohun mímu tiwọn tó tutù, tí wọ́n sì ń kó òṣìṣẹ́ wá, ẹ fi iye wọn wé owó tiyín pẹ̀lú yìnyín, ọkọ̀ àti àwọn tó ń pín in, torí nígbà mìíràn ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré ju bí ó ṣe rí lójú.

Fún àbúrò ọkọ yín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ fún un ní owó kérétì mẹ́ta ní ọwọ́, kí ẹ sì jọ lọ bá ọlọ́tí kan tí kò jìnnà sí gbọ̀ngàn, kí ó sọ iye tí yóò ta ohun tó tutù fún yín bí ó bá di dandan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ní kó má ra ohunkóhun títí ẹni tó wà lẹ́nu yàrá ọtí á fi ní kí ó lọ. Bí kò bá lọ, kó dá owó náà padà lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ tí ọkọ̀ á wá kó kérétì.